Ojú ta ló ń wò ó?

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo ka iṣẹ́ tí o kọ lórí alángbá erékùṣù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Orí mi wú. Gbólóhùn kan ló há mi lọ́fun: "Akọ ní àwọ̀ tó dára kí abo lè fẹ́ràn rẹ̀." Èmi náà ti gba èyí gbọ́ rí, mo tilẹ̀ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nítorí náà n kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ ohun tí àwọ̀ kan wà fún, bi ara rẹ pé: ojú ta ló ń wò ó?

Wo alángbá Podarcis erhardii ní àwọn erékùṣù Òkun Aegean, ní Gíríìsì. Ẹ̀yìn abo bá àwọ̀ ilẹ̀ mu ju ti akọ lọ. Àwọn olùwádìí kan fi amọ̀ mọ alángbá, wọ́n kun àwọn kan bí akọ, wọ́n kun àwọn yòókù bí abo, wọ́n sì fi wọ́n síta fún ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, ojú àgógó ẹyẹ ti wà lára amọ̀. Èyí tí wọ́n kùn bí akọ ni ẹyẹ kọlù jù. Ọdún 2015 ni èsì náà jáde. Ohun tí akọ fi ń halẹ̀ mọ́ akọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi ń fa abo mọ́ra, òun náà ló ń tú u fó fún ẹyẹ. Ẹwà yẹn, gbèsè ni. Èyí tí gbèsè rẹ̀ bá pọ̀ jù á kú kó tó bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ akọ àti abo ṣe ń yàtọ̀ láti ìran dé ìran.

Má sì rò pé akọ nìkan ló ń ṣe oge. Ní àwọn erékùṣù Galápagos ti Ecuador, níbi tí Darwin, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, gúnlẹ̀ sí ní 1835, alángbá Microlophus wà níbẹ̀. Akọ á dúró lórí òkúta dúdú, á máa gbé àyà sókè sódò bí ẹni ń ṣeré ìdárayá, ọ̀fun rẹ̀ dúdú. Abo tó kéré sí i lára ló wá pupa yòò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọ̀fun! Níbo ni gbólóhùn rẹ fẹ́ fi abo yìí sí?

Ojú tìrẹ náà kò tó ṣe adájọ́. Alángbá ń rí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí àwa ò rí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. A ò sì mọ èyí tó ń tàn yanran lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, má fi fọ́tò nìkan ṣe ẹ̀rí.

Pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Kọ akọ, abo àti ẹyẹ sí etí ìwé, kí o wá kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí síwájú orúkọ rẹ̀, kí o tó fi ránṣẹ́ sí mi padà. Ìyá rẹ ní kí o máa tètè sùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ