Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ Bọ̀dá yín rèé

Gbági Tuntun, Ìbàdàn
27 Oṣù Kọkànlá, 2022

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ẹ̀yọ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ńkọ́? A gbọ́ pé olórí ìjọba mẹ́ta lẹ jẹ lọ́dún kan ṣoṣo, ọbabìnrin yín sì tún wàjà láàárín rẹ̀. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Àwa tí a rò pé tiwa ló burú jù ti fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ Ìyá Bùnmi tó ń bọ̀ wá kàwé ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nínú èlùbọ́, torí náà má ṣe bínú bó bá ń rùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. O mọ ilé yín: ohun tí mo bá sọ sí ọ létí láàárọ̀, Àǹtí Ìlọrin á ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, á sì ti fi iyọ̀ sí i.

Kí n yára sọ ìyókù. Dámiláre ti padà sí Ifẹ̀ lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ. Ó jẹ gàrí mi tán kó tó lọ. Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí à ń tò fún. Ìyá Ẹlẹ́ja ti kú, a sin wọ́n dáadáa, màlúù méjì. Ẹsẹ̀ mi ti ń sàn. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá yín wá kù.

O mọ̀ pé wọ́n ń du ipò Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀. Ohun tó ò mọ̀ ni pé èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń tilé dé ilé polongo. Wọ́n ní ẹni tó lè ta léésì fún Ìyá Sùnnà, kò sí ẹni tí kò lè bẹ̀ fún ìbò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tajà nínú ìṣọ̀ mi ni màá ṣe polówó wọn o, mi ò mọ òmíràn. Wọ́n ní ìyẹn gan-an làwọn ń fẹ́.

Ìwọ náà ti jókòó tì mí tó láti mọ bí mo ṣe ń ṣe. Bí oníbàárà bá wọlé, mi ò ní kó aṣọ dà lé e lórí. Màá fún un ní àga, màá bi í pé ìnáwó wo ni, ta ló ń ṣe é, èló ló ní lọ́kàn, màá sì pa ẹnu mọ́ títí á fi sọ ọ́ tán. Bí aṣọ bá jẹ́ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, ẹnu mi ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí omi ọṣẹ tó sọ fún un. Bí ohun tó ń wá ò bá sí lọ́wọ́ mi, màá júwe ìṣọ̀ ẹni tó ní in. Àwọn tí mo júwe ọ̀nà fún yẹn ló ń padà wá kó aṣọ ẹbí. Mi ò kì í bú ọjà alábàágbé mi. Ènì wà, ṣùgbọ́n a ti ní láti ná an tán ká tó sọ̀rọ̀ ènì. Ẹni tó bá ti ń fi ènì ṣíwájú, kí o yẹ ọjà rẹ̀ wò dáadáa.

A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ní agboolé kan lẹ́yìn Ọjàa'ba. Bọ̀dá wọ agbádá funfun, àwọn ọmọ kan ń lùlù tẹ̀lé wa. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Bọ̀dá gbóhùn sókè: "Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀nà ń bọ̀! Iná ń bọ̀! Omi ń bọ̀!" Ìyá ò gbójú sókè. Eèpo ń bọ́ sílẹ̀, ẹ̀gúsí ń bọ́ sínú igbá.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kí ló ń yọ yín lẹ́nu jù ládùúgbò yìí?"

Wọ́n ní tiransifọ́mà. Ó ti jó tipẹ́, wọ́n ti dáwó títí ó sú wọn, olóṣèlú méjì sì ti wá bá a ya fọ́tò.

Mo rí i tí Bọ̀dá ń mí èémí láti ṣèlérí, ni mo bá tètè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Mo ní, "Mà, ẹ̀gbọ́n mi yìí ò lè ra tiransifọ́mà fún yín. Ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń wá. Àwọn 32 ni wọn yóò jẹ́ nílé ìgbìmọ̀ ní Àgodi. Òfin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọwọ́ wọn sì ni gómìnà ń gbé ètò ìṣúná wá kí ó tó ná an. Wọ́n lè pe kọmíṣọ́nnà kó wá ṣàlàyé ibi tí owó gbà lọ. Ohun tí wọ́n lè ṣe fún yín ni kí wọ́n dìde níbẹ̀, kí wọ́n dárúkọ àdúgbò yìí, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ èsì tí wọ́n gbọ́, ì báà dùn, ì báà kan."

Ìyá gbé igbá sílẹ̀. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde o! Ta ló máa mú wọn bí wọn ò bá padà wá? Níbo nilé bàbá wọn wà? Ìgbà wo ni wọ́n ti wá sádùúgbò yìí kẹ́yìn kí ìbò tó dé? Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ gan-an, èló ni wọ́n ń fún ọ?" Mo ní owó ọkọ̀ ni, àti ìrẹsì ọ̀sán. Ìyá rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta péré ló kù. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n ní àna àwọn wà nínú ẹgbẹ́ kejì, àwọn ò ní tan wá, ibẹ̀ ni àwọn máa dìbò sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá lè lọ béèrè ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà yẹn nísinsìnyí tí wọn ò tíì wọlé, kí wọ́n wá sọ èsì rẹ̀ fún àwọn, àwọn yóò bá àwọn ìyàwó ilé sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, o tajà pẹ̀lú mi. Ẹni tó ń ná ọjà ló fẹ́ rà. Ẹni tó ní "áà, ó mà dáa o, mò ń bọ̀", ìyẹn ti lọ nìyẹn. Ìyá yẹn ná wa dáadáa! Inú mi ń dùn bọ̀ wá sínú ọkọ̀. Ṣé o mọ ohun tí Bọ̀dá wí? Wọ́n ní mo ba ọjà àwọn jẹ́.

Ní agboolé kejì, Bọ̀dá ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Bóòholù ní gbogbo agboolé, kí oṣù mẹ́fà tó pé! Ariwo sọ. "Tiyín ni wá! Tiyín ni wá!" Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ gbogbo wọn sílẹ̀ pé wọ́n ti dìbò fún wa, títí kan àwọn ọmọ tí ikun ṣì ń yọ nímú nínú wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a jiyàn. Wọ́n ní òtítọ́ kì í wọlé ìbò, àti pé Awólọ́wọ̀ gan-an dán an wò. Ó sọ fún ará Ìwọ̀ Oòrùn pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ń bọ̀ àmọ́ owó orí rẹ̀ rèé, ẹ ó san án. Ní ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC, ẹgbẹ́ tí Adélabú wà, na Action Group tirẹ̀ nílé ara rẹ̀, ìjókòó 23 sí 18. Òótọ́ ni. Bàbá mi àgbà wà lára àwọn tó nà án, ọmọ ẹ̀yìn Adélabú paraku ni wọ́n, wọ́n sì ń sọ ọ́ títí wọ́n fi kú bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Mo ní kí Bọ̀dá parí ìtàn náà. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ilé ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní 456,600, wọ́n di 811,432 lọ́dún kan péré. Ìbò ìjọba ẹkùn dé ní 1956, Action Group wọlé, 48 sí 32. Ìbàdàn tiwa ṣì tẹ̀lé Adélabú, mi ò ní purọ́. Iye tí wọ́n bá dá lé ọjà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa san án. Àmọ́ bàbá mi àgbà tó na Awólọ́wọ̀ yẹn náà, ilé ìwé ọ̀fẹ́ yẹn ló fi bàbá mi sí. Bọ̀dá ní ìyẹn ti di ìtàn àtijọ́. Wọ́n ní nísinsìnyí, dìbò kó o sebẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ l'Ékìtì ní 2018 nìyẹn, ìwọ náà gbọ́ ọ. Wọ́n ní Mọ̀létè, ilé Adédibú, kọ́ gbogbo wa ní òṣèlú ámàlà, ta ni èmi tí mo fẹ́ fi ẹnu lásán bọ́ ènìyàn?

Mi ò dáhùn. Ẹran wà lẹ́nu mi.

Kí n má purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Bọ̀dá tó dá owó Alájì padà, tí gbogbo wa ń pè ní òmùgọ̀ nígbà yẹn, òun ni mo ní mò ń polówó. Ìyẹn ni mo ń sọ fún àwọn èèyàn nílé wọn, orúkọ ara mi ni mo sì fi ń dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n kó nọ́ńbà gbogbo oníbàárà mi wá. Mo ní rárá. Wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ kan wá pé ìwé ẹ̀rí alátakò wọn jẹ́ ayédèrú, kí n máa sọ ọ́ láàárín àwọn obìnrin. Mo béèrè ẹ̀rí, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ ná, ẹ̀rí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àbẹ̀kẹ́! Ẹ̀rí ń bọ̀ lẹ́yìn!

Ìwọ lo sọ fún mi ní oṣù Karùn-ún pé ẹni kan tó ń wá ìbò kan ilẹ̀kùn yín ní Manchester, ó bi ọ́ nípa ike ìdọ̀tí, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìyà ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mí. Ìwọ tí wọn ò jẹ́ kí o dìbò fún ẹ̀gbọ́n ara rẹ torí pé o wà lókè òkun, ò ń dìbò fún káńsẹ́lọ̀ àwọn òyìnbó, òun ló sì ń béèrè ohun tó ń dùn ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn ọ́ rèé. O gbọ́ pé wọ́n ti ṣí owó tuntun lójú agbo lọ́jọ́ 23 oṣù yìí. Láti ọjọ́ 15 oṣù tó ń bọ̀ la ó máa ná an, wọ́n ní ti àtijọ́ ò ní wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Àwọn tó ti kó owó pamọ́ de ìbò ń sá sókè sá sódò bí ẹni tí òjò ká mọ́ ibi tó ti sá iṣu. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bọ̀dá ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé àbúrò wọn wà lọ́hùn-ún, pọ́n-ùn ò ní ìṣòro. Wọ́n fẹ́ fi ra ìrẹsì tí àwòrán wọn wà lára àpò rẹ̀, èyí tó kù, kí wọ́n pín in lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ìbò. Wọn ò mọ̀ pé mo wà nínú yàrá kejì, mò ń ká áńkárá.

Má fi ránṣẹ́. Mo bẹ̀ ọ́. Wọ́n á pè ọ́ kó tó di Kérésìmesì, wọ́n á sì pè é ní owó ìpolongo. Òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí ní ẹni tó bá fowó ra ìbò, ìtanràn 500,000 náírà ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì pọ̀. Lóòótọ́, mi ò tíì rí ọ̀gá ńlá kan tí wọ́n torí rẹ̀ jù sẹ́wọ̀n, àmọ́ Bọ̀dá yín kì í ṣe ọ̀gá ńlá, irú wọn gan-an ni wọ́n máa ń fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Bí o bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn aṣojú tó máa dúró ní ibùdó ìdìbò, ìyẹn kì í ṣe ríra ìbò. Kí o san án sí ọwọ́ akápò, kó sì kọ rìsíìtì fún ọ.

Bí o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, má ṣe dárúkọ mi. Má sì bá wọn jà, wọn ò fẹ́ràn ìjà lórí fóònù. Ọ̀sán Sunday ni kí o pè wọ́n, lẹ́yìn iyán. Kọ́kọ́ béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é, kí o jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Wọ́n ṣì ní ìdí tó dáa o, Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú sí wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ọsibítù ló gbé wọn dé ibẹ̀, o mọ̀ ọ́n. Wá sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wádìí tiransifọ́mà Ìyá yẹn. Mo ti mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ń lọ, mo sì ti kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣe tán láti tẹ̀lé wọn lọ.

Bí wọ́n bá kọ̀, màá dá fìlà ẹgbẹ́ padà fún wọn, màá padà sídìí léésì mi. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ilé yín ò ní tètè dárí jì mí, ìyá yín pàápàá. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ọ nìyẹn, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu Àǹtí Ìlọrin.

Bá mi kí Bàbá Ẹ̀yọ̀. Tí o bá fẹ́ fèsì, nọ́ńbà ìṣọ̀ ni kí o pè. Dírẹ́bà Bọ̀dá ló ń bá mi gbé fóònù kejì lọ tún ṣe, kò sì tíì dá a padà.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́