Ohun Tó Ti Pẹ́ Nínú Gẹ̀ẹ́sì: Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí ìwé tí o kọ láti fi tọrọ sìkọ́láṣíìpù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi kí n lè fi bírò yẹ̀ ẹ́ wò, bí mo ti máa ń ṣe sí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ohun tí o fẹ́ sọ dára, ó sì wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan bà mí lẹ́rù, òun ló sì mú kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí dípò kí n kàn pè ọ́ lórí fóònù.

O kọ ọ́ pé: "My grandmother suffered from diabetes for twelve years." Bí mo ti ń ka gbólóhùn yìí, Màmá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá kékeré, wọ́n sì ń bi mí bóyá o ti jẹun lónìí. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò gbà pé wọ́n ti kú ni, tàbí pé àtọ̀gbẹ náà ti fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé "suffered" ti parí ọdún méjìlá náà, ó sì ti kó o sẹ́yìn. Kọ ọ́ báyìí: "My grandmother has had diabetes for twelve years." Ohun tó bẹ̀rẹ̀ lánàá tó sì ṣì ń bẹ lónìí, "have" tàbí "has" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ òní, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi "ti" ṣe é.

Mo fẹ́ kí o fetí sí Yorùbá tí o ń sọ láti kékeré, nítorí pé ó mọ púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ìwé gírámà ń fi ojú ewé rẹpẹtẹ ṣàlàyé. A máa ń sọ pé, "Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti ọdún méjì." A sì máa ń sọ pé, "Mo ti mọ àwọn ọmọ náà láti ọdún méjì." "Ń" wà nínú ti àkọ́kọ́, kò sí nínú èkejì, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lọ́wọ́ ni kíkọ́ni, ṣùgbọ́n ipò tí ènìyàn wà ni mímọ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ya méjèèjì sọ́tọ̀: "I have been teaching the children for two years," ṣùgbọ́n "I have known the children for two years." Ẹni tó bá kọ "I have been knowing them" ti ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ṣe láéláé nínú èdè tirẹ̀. Bákan náà ni "believe", "own", "belong" àti "have" nígbà tó bá jẹ́ pé níní ni. Èyí ni kò jẹ́ kí n kọ "has been having diabetes" sókè yẹn.

Àmọ́ o, ibòmíràn wà tí Yorùbá yóò ti ṣì ọ́ lọ́nà bí o kò bá ṣọ́ra. O kọ ọ́ pé, "I am volunteering at the clinic since two years." Mo mọ ibi tó ti wá. "Láti" kan náà ni a lè lò fún méjèèjì: a ń sọ pé "láti ọdún méjì", a sì ń sọ pé "láti 2023", kò sì sí wàhálà. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iye àkókò tí o lè kà lórí ìka ọwọ́, bíi ọdún méjì tàbí oṣù mẹ́fà, "for" ni. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, èyí tí o lè fi ìka tọ́ka sí lórí kàlẹ́ńdà, "since" ni. "Am volunteering" náà kò sì lè na ọwọ́ dé ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìsinsìnyí nìkan ló ń sọ. "I have been volunteering at the clinic for two years" ni kí o kọ.

Èyí tí o kọ nípa ìyá aláìsàn yẹn, "She has been waiting since morning", fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Nígbà tí o dé ilé ìwòsàn lọ́sàn-án, o bá a níbẹ̀, ó ti ń dúró láti àárọ̀. Nítorí pé ìtàn àná ni, "had" ni yóò gba ipò "has": "She had been waiting since morning." Rántí ọkùnrin tó ṣàìsàn fún ọdún 38 lẹ́bàá adágún omi nínú ìwé Jòhánù. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 sọ pé Jésù mọ̀ pé "he had been now a long time in that case." Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀ kí Jésù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ "had been" gan-an nìyẹn.

"I use to teach children on Saturdays" ńkọ́? "Máa ń" ló tàn ọ́. Tiwa bá àná mu, ó sì bá òní mu, ṣùgbọ́n àná nìkan ni "used to" wà fún, ó sì túmọ̀ sí pé o ti jáwọ́. Bí o bá ṣì ń kọ́ wọn, "I teach children on Saturdays" ti tó. Yọ "the patients kept long" náà kúrò. Nílé, bí a bá ní "má pẹ́ o", a máa ń sọ pé "don't keep long", a sì ń gbọ́ ara wa yé, ṣùgbọ́n "don't be long" ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, "the patients waited a long time" sì ni ohun tí o ní lọ́kàn.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 1996. Mo wá iṣẹ́ sí iléèwé kan tí owó oṣù rẹ̀ sàn ju tèmi lọ, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, "I taught Primary Four for nine years." Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà yẹn, àmọ́ mo rò pé gbólóhùn kúkúrú ló fi ẹni tó mọ̀wé hàn. Bàbá tó ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ti fi bírò pupa yí "taught" po. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni ìdí tí wọ́n fi lé mi kúrò níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé títí, ojú rẹ̀ kò yí padà, wọn kò sì gbà mí. Ohùn mi wà níbẹ̀ láti gbèjà ara mi, síbẹ̀ kò tó. Ìwọ kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka tìrẹ.

Tún àwọn gbólóhùn tí mo fàlà sí nídìí kọ, kí o sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Màmá àgbà béèrè ohun tí o kọ nípa wọn. Mo ní o kọ ọ́ pé ó ti tó ọdún méjìlá tí àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn, àti pé wọ́n ṣì ń bá a jà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o kọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.