Ìdáhùn lórí kẹ̀kẹ́: lẹ́tà sí Ìyá Fàtímọ̀

Tanke,
Ìlọrin.

Ìyá Fàtímọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékù o. Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ti gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìdáhùn tí o fi ń múra fún apá ọ̀rọ̀ sísọ nínú IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó dá lórí kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀, torí àìsàn tó ń ṣe é ló ń ṣe àwọn yòókù.

O ní: "Yes, I love riding bike because it is good for my health and it reduces pollution." Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé o há a sórí ni, olùdánwò IELTS kì í sì í gbé máàkì fún àhásórí. Ohun tí wọ́n bi ọ́ ni bóyá o máa ń gun kẹ̀kẹ́. O kì í gùn ún, nítorí náà sọ pé o kì í gùn ún! Ẹnìkan kò ní yọ máàkì nítorí "no". Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wọ̀n, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì ń so pọ̀, bí ọ̀rọ̀ tí o mọ̀ ṣe pọ̀ tó, gírámà, àti bí ẹnu rẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Gbọ́ èyí wàyí:

"Not any more. I used to ride one when I was in primary school, but the traffic around Tanke is so heavy now that I'd be too scared to try."

Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì tó fún ìbéèrè kan ní abala kìíní nínú abala mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ sísọ náà ní. "Used to" wà níbẹ̀, "so heavy that" wà níbẹ̀, "I'd be" náà wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí a fi ipá tì wọlé nínú wọn. Kíyè sí "used to" yẹn gan-an. Àwa ní Nàìjíríà máa ń sọ "I use to ride" fún ohun tí à ń ṣe títí dòní. Ohun tó ti dópin ni "used to" wà fún. Tí ó bá jẹ́ àṣà rẹ títí di ìsinsìnyí, "I usually" ni kí o lò. Má sì sọ "riding bike" mọ́. "Riding a bike" ni.

Ọ̀kadà ló kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn tí a bá gbọ́ "bike". Nínú ìdánwò yìí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn. Tí kò bá dá ọ lójú, bèèrè: "Do you mean a bicycle?" Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. O sọ pé "I climbed bike to school". Òkè ni a ń "climb". Tí ẹlòmíràn ló gbé ọ, sọ pé "I went to school on the back of a motorbike." Tí o bá fẹ́ mẹ́nu kan Márúwá, ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà: "a three-wheeled taxi, which we call a keke". Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n ọ.

Ẹnu rẹ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. "Bicycle" kì í ṣe "bái-sáì-kù". "BÁÍ-sì-kl" ni, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni a ń tẹ̀. Bákan náà ni "tricycle". Ṣùgbọ́n "cycle" fúnra rẹ̀ àti "motorcycle" ń gba "sáì". "Chain" ti di "shain" lẹ́nu rẹ torí Yorùbá kò ní "ch". Fi ahọ́n kan àjà ẹnu bí ẹni fẹ́ pe "t", kí o wá jẹ́ kí "sh" tẹ̀lé e. Fún "v" inú "vehicle", fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ kí ohùn sì gbọ̀n, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò di "fehicle". "Helmet" àti "handlebars" gbọ́dọ̀ ní "h" wọn. Fáwẹ́lì ló sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ tiwa, ìdí nìyí tí "ride" fi ń pàdánù "d" rẹ̀, tí "bike" sì ń gba "i" kún ìdí. Dá ohùn dúró lórí "k" yẹn. "Wheel" gùn, "will" kúrú.

Abala kejì: wọn yóò fún ọ ní káàdì tí a kọ ohun tí o máa sọ̀rọ̀ lé lórí sí, àti ìṣẹ́jú kan láti múra, pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù. Má kọ gbólóhùn. Ká ní káàdì náà ní kí o sọ nípa ohun tí o kọ́ ní kékeré, kọ irú èyí: Iléyá, hired bike, brother held saddle, wobbled, slope, chain. Ó tó. Ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ tán ní ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni pé a kàn ń dáhùn kókó orí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mú ìṣẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo, kí o sì dúró lé e: "I was coming down the slope when the chain came off." Láti ibẹ̀, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ padà sí "so I fall". Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà fún àná, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàgbé. "Fell" ni. Tí olùdánwò bá dá ọ dúró ní ìṣẹ́jú méjì, àkókò ló pé, kò túmọ̀ sí pé o kùnà.

Abala kẹta kì í ṣe nípa rẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ àwùjọ ni. Kí ló dé tí àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ gun kẹ̀kẹ́? O mọ ìdáhùn ju ìwé lọ: "In Ilorin people tend to see a bicycle as something for children, whereas in the villages around Offa some farmers still ride one to the farm." Lẹ́yìn náà sọ ìdí: oòrùn, àìsí ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà tó wà níbi gbogbo. "Tend to" dára púpọ̀ níbẹ̀, torí kò sọ pé gbogbo ènìyàn ni.

Jọ̀wọ́, má kọ ìdáhùn sílẹ̀ mọ́. Gba ohùn rẹ sílẹ̀, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, tún gbọ́ ọ fún ìparí ọ̀rọ̀ nìkan, kí o wá tún un sọ láìwo ìwé. Fi ti káàdì Iléyá yẹn ránṣẹ́ sí mi kó tó di Jímọ̀, ìṣẹ́jú méjì gbáko, má sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun tí o bá ṣì í sọ. Mo fẹ́ gbọ́ bí o ṣe ń tún ara rẹ ṣe.

Bá mi kí bàbá Fàtímọ̀ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ràmọ́tà