Ẹ wo ẹnu ọmọ náà kí ẹ tó ní ká lọ Àrò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bó bá ti di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, tí í ṣe àyájọ́ ọ́tísìmù lágbàáyé (ìyẹn ipò tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn, tó ń mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe pọ̀ ṣòro fún ọ̀pọ̀ wọn), àwọn èèyàn wa á wọ aṣọ búlúù, wọ́n á ya fọ́tò. Kò burú. Ohun tó ń ká mi lára ni ohun tójú àwọn ọlọ́tísìmù ń rí bí ibà, inú rírun tàbí akokoro lásán bá gbé wọn dé ọsibítù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí.

Ọlọ́tísìmù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, kì í sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, kò jẹun, kò sì jẹ́ kí ará ilé sùn. A gbé e lọ sí ọsibítù kan. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn fèrèsé, èrò kún fọ́fọ́, ọmọ di etí méjèèjì, ó ń ké. Làwọn ọkùnrin bíi mẹ́rin bá dì í mọ́lẹ̀. Dókítà ò tiẹ̀ ní kó la ẹnu. “Màmá, ọ̀rọ̀ ọpọlọ lèyí, ẹ máa gbé e lọ Àrò.” Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wí látàárọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan lọmọ ń lù.

Níbòmíràn, dókítà eyín kan ní ká tètè mú un wá kí èrò tó dé. Ó kọ́kọ́ fi dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo eyín lé e lọ́wọ́ kó fi ṣeré, ó wá ń kà á sí i létí jẹ́jẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tọ́mọ yanu, eyín ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti jẹrà wọnú. Wọ́n yọ ọ́, kò sì lu ara rẹ̀ mọ́.

Mi ò bá Àrò jà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n akokoro kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí kò lè sọ pé “ó ń dùn mí”, ìṣe ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Bí ìwà rẹ̀ bá ṣàdédé yí padà, ẹ wo eyín, ẹ wo etí, ẹ bèèrè bóyá ó ń yàgbẹ́ dáadáa, nítorí ìgbẹ́ líle ń yọ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu.

Òfin ààbò àwọn àkàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù Kìíní ọdún 2019 ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Ọsibítù mélòó ló ń tẹ̀ lé e? Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn dókítà ní ọsibítù Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, Ṣágámù, ẹ bá wa fi èyí kún ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ìlera alábọ́ọ́dé náà lè bi ìyá tó gbé ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá gba àjẹsára pé: tẹ́ ẹ bá pè é lórúkọ, ṣé ó ń wẹ̀yìn? Ṣé ó ń nawọ́ sí nǹkan hàn yín? (Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń fa ọ́tísìmù o, kẹ́nikẹ́ni má torí rẹ̀ sá fún un.)

Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tẹ́ ẹ ń múra Ojúde Ọba, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé: yàrá kan ṣoṣo ní ọsibítù ìjọba, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò dé, àga díẹ̀, kọ́tìnì tí kò jẹ́ kí oòrùn wọlé jù. Mo rò pé owó aṣọ ẹgbẹ́ kan lọ́dún kan á ṣe é, á tún ṣẹ́ kù.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Igbó.