Ọta Àgbá Kì Í Ti Inú Kọ̀ǹpútà Jáde

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ìròyìn ogun bá ti kan AI báyìí, ohun tí à ń gbọ́ ni pé orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá gbọ́n jù ni ọ̀tá yóò máa bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí ojú rẹ̀ ń ríran bí ti àwòdì, tí ẹ̀tù ti tán lápò rẹ̀, ọ̀pá lásán ló gbé kọ́ èjìká.

Ẹ wo ogun Ukraine. AI ń ṣe bẹbẹ níbẹ̀: bí ọ̀tá bá dí ìgbì rédíò tí wọ́n fi ń darí drone, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ lè máa lépa ohun tó dojú kọ títí yóò fi kọlù ú. Ṣùgbọ́n ká mọ ibi tí ọ̀tá wà, ọ̀tọ̀. Ká rí ọta yìn síbẹ̀, ọ̀tọ̀. Kí ogun náà tó gbóná lóṣù Kejì ọdún 2022, nǹkan bí 14,000 ọta àgbá onímìlímítà 155 ni Amẹ́ríkà ń ṣe lóṣù. Wọ́n ní yóò di 100,000 kí 2025 tó parí. Wọ́n náwó, wọ́n ra ẹ̀rọ, síbẹ̀ nǹkan bí 40,000 lóṣù lọ́wọ́ wọn tẹ̀ ní 2024, wọ́n sì ti sún ìlérí náà sí 2026.

Kì í ṣe irin ló le jù níbẹ̀. Ní Scranton, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wọ́n á gé irin gbọọrọ, wọ́n á fi sínú iná títí yóò fi pọ́n, ẹ̀rọ á lu ihò sí i láàárín, á fà á gùn, wọ́n á fá a, wọ́n á sì fi bàbà di ìdí rẹ̀ lámùrè. Inú rẹ̀ ni wàhálà wà. Ọta tó wúwo tó kìlógíráàmù 47 ń gba TNT, ohun abúgbàù tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, tó nǹkan bí kìlógíráàmù 11, Amẹ́ríkà sì ti ṣíwọ́ ṣíṣe TNT láti 1986. Poland ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù Kọkànlá 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ TNT tuntun jáde, ní Kentucky, mílíọ̀nù 435 dọ́là.

Bí TNT bá sì wà, sùúrù la fi ń dà á. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí Celsius. Wọ́n á dà á sínú ọta bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń dà sínú ewé, wọ́n á jẹ́ kó dì díẹ̀díẹ̀. Bó bá sáré tutù, á sún kì, á sán, á fi ihò sílẹ̀ nínú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yìn ín, agbára tó ń tì í lè fún ihò yẹn pa lójijì, kí ọta bú gbàù nínú àgbá, lórí àwọn ọmọ ogun tó ń yìn ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ọta ní X-ray. Lérò tèmi, ibí gan-an ni AI ti wúlò jù: kó máa yẹ àwòrán wọ̀nyẹn wò, kó tọ́ka sí ihò tí ojú tó ti rẹ̀ lè fò dá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti drone: mọ́tò rẹ̀ kò lè yí láìsí òòfà, China ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù láyé. Lóṣù Kẹrin 2025, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kó àwọn oríṣi kan lára rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ gbàṣẹ.

Nílé wa níbí, DICON, ilé iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń ṣe ohun ìjà, ti wà ní Kàdúná láti 1964, òfin tuntun ọdún 2023 sì ti jẹ́ kó lè bá àwọn aládàáni dòwò pọ̀. Mo bẹ àwọn akọ̀ròyìn yín: bí àwọn tó ń ṣe ohun ìjà bá tún kéde drone tó ní AI, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n lè ṣe lóṣù, ta ló ń ṣe mọ́tò rẹ̀, níbo ni ohun abúgbàù rẹ̀ ti ń wá, àti pé bí ẹni tó ń tà á fún wọn bá kọ̀ lọ́la, oṣù mélòó ni èyí tó wà nílẹ̀ á gbé wọn dé.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.