Bí Giants bá kó kúrò ní Tokyo Dome ńkọ́?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní bí Yomiuri Giants, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù, bá fi lè kó kúrò ní Tokyo Dome, pápá alórùlé tí wọ́n ti ń gbá a, lọ sí pápá tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Tsukiji, àdúgbò kan ní Tokyo, ilé-iṣẹ́ Tokyo Dome ti wọ gàù nìyẹn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbé Tokyo, kò sì rí bẹ́ẹ̀ lójú tèmi.

Ẹ̀rù tó ń bà á nídìí o. Mitsui Fudosan, àgbà nínú òwò ilé àti ilẹ̀, ló ra ilé-iṣẹ́ Tokyo Dome ní 2021, ó sì ta ìpín 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwé ìròyìn Yomiuri tó ni Giants. Mitsui Fudosan yìí kan náà ló ṣíwájú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Tokyo gbé iṣẹ́ Tsukiji fún ní oṣù kẹrin 2024. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù méjì, kò ṣòro fún un láti kó ọjà inú ọ̀kan sí èkejì.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ níbi tí Dome wà lónìí? Eré kẹ̀kẹ́ ni, àwọn èèyàn sì ń fowó ta tẹ́tẹ́ lé e. Ní 1972, gómìnà Tokyo, Ryokichi Minobe, tí kò fẹ́ kí ìjọba máa jẹ nínú owó tẹ́tẹ́, fòpin sí i. Ilé-iṣẹ́ Tokyo Dome kò tìtorí ìyẹn kú. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́ Dome sí, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹta 1988. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ sínú rẹ̀ ló gbé òrùlé dúró; bí ẹ bá ń jáde, atẹ́gùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tì yín ṣubú.

Àti pé bésíbọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni wọ́n ń jẹ. Hòtẹ́ẹ̀lì alájà 43 wà níbẹ̀, ọgbà ìṣeré ọmọdé àti àgbà wà níbẹ̀, omi gbígbóná tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀ fún ìwẹ̀. Àwa tí orí wa ti ń hewú, ìjà la fi mọ orúkọ Dome: 11 oṣù kejì 1990, nígbà tí Buster Douglas gbé Mike Tyson ṣánlẹ̀ ní ìpele kẹwàá. Ọ̀sán gangan ni wọ́n jà á, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè wò ó lálẹ́ Sátidé.

Ohun tó ń kọ mí lóminú kì í ṣe Giants. Korakuen Hall ni, gbọ̀ngàn ìjà kékeré tó wà ní àjà karùn-ún ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dome, tó ti wà láti 1962. Kò gbà ju bí 2,000 èèyàn lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò àti oníjàkadì Japan ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹwòran ti kọ nǹkan kún gbogbo ògiri àtẹ̀gùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó nù ún. Ẹni tó ń fi owó ilẹ̀ wọn nǹkan lè má rí i rárá.

Bí Mitsui Fudosan bá fẹ́ tún Korakuen, àdúgbò tí Dome wà, kọ́ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí gbọ̀ngàn yẹn yóò wà, kí wọ́n tó gbé àwòrán ilé gogoro síta.

Òǹkàwé yín,
Tokyo, Japan