Ẹ Jẹ́ Kí Oníbàárà Dùbúlẹ̀ Lórí Fóòmù Kó Tó Sanwó

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fóòmù tí à ń sùn lé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àwọn ará àdúgbò ti máa ń wá bá mi pé ẹ̀yìn ń dun àwọn, bí mo bá sì ti béèrè irú fóòmù tí wọ́n ń sùn lé, ìdáhùn wọn kì í sábà ju méjì lọ: yálà fóòmù náà ti jin kòtò láàárín, tí wọ́n ti ká ògbólógbòó aṣọ sójú ibẹ̀ kó lè tẹ́, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ló gbà wọ́n níyànjú láti ra èyí tó le jù lọ lọ́jà.

Ìgbàgbọ́ pé líle ni oògùn ẹ̀yìn ti ta gbòǹgbò nílùú Abẹ́òkúta yìí. Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà fóòmù, ìbáà jẹ́ ní Kútọ̀ tàbí ní Lafẹ́nwá, ọlọ́jà á di ẹ̀ṣẹ́, á fi lu fóòmù tó ṣì wà nínú ọ̀rá, á ní: “Mọ́mì, ẹ fọwọ́ kàn án, ọ̀tọ́pídíìkì gidi ni, kò lè tẹ̀ láéláé.” Fóòmù líle tí wọ́n ní ó dára fún ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á fọwọ́ kàn án, á ná an, á sanwó, wọ́n á sì dì í mọ́ orí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀ lé e wò, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń lọ sùn lé e, odidi ara ni.

Lọ́dún 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Sípéènì, níbi tí wọ́n ti pín fóòmù fún àwọn àgbàlagbà 313 tí ẹ̀yìn ríro ti bá fínra pẹ́. Àwọn kan gba èyí tó le, àwọn yòókù gba èyí tó wà láàárín líle àti rírọ̀. Nígbà tí ó di àádọ́rùn-ún ọjọ́, àwọn tó sùn lórí èyí tó wà láàárín ni ara tù jù. Ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó bá ń fẹ̀gbẹ́ sùn, èjìká àti ìbàdí rẹ̀ ló yọ síta jù; bí fóòmù bá le koko, àwọn ibi méjèèjì yìí ni gbogbo ìwọ̀n ara máa tẹ̀, nígbà tí ibi tí à ń di bẹ́líìtì mọ́ á wà lófìfo láìsí ohun tó gbé e dúró. Bí ó bá sì rọ̀ jù, ìbàdí á rì, eegun ẹ̀yìn á wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀ sùn nílò èyí tó le díẹ̀ sí i, kí ikùn má baà fa ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ti ọmọ jòjòló yàtọ̀ pátápátá: ibi tó tẹ́, tó sì le, ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, láìsí ìrọ̀rí.

Ohun kejì tó ń tàn wá jẹ ni gíga. Íǹṣì 12 ń dára lójú, ṣùgbọ́n bí inú fóòmù náà kò bá ki, ó lè tẹ̀ kí íǹṣì 8 tó ki dáadáa tó tẹ̀. Ẹni tó bá sanra ni kó tilẹ̀ fojú sí kíki yìí jù. Àwọn ọlọ́jà a máa ní kí a gbé méjì tó dọ́gba wò, pé èyí tó wúwo ló dára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn kan a máa po ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, mọ́ fóòmù kó lè wúwo lásán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ń dìde padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ní ti memory foam, ìyẹn fóòmù tó ń tẹ̀ bí ara ẹni ṣe rí, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún iṣẹ́ NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò òfuurufú ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1966, ó ń gba ara mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń pa ooru mọ́, àwa náà sì mọ bí òru oṣù kẹta ṣe ń rí nílùú yìí. Èyí tó ní sípíríǹgì ń gba atẹ́gùn láàyè jù ú lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ọ̀rá kúrò lára fóòmù tí ẹ bá gbé e délé, nítorí òógùn kò ríbi gbà lábẹ́ ọ̀rá.

Èyí tó ká mi lára jù ni fóòmù àlòkù tí àwọn kan ń wọ̀ láṣọ tuntun. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá kan ládùúgbò wa ṣí ṣíìpù fóòmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àmì ìtọ̀ ọmọdé ti gbẹ sí i lára, ẹyin ìdun sì tò sí etí rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà sọ pé ọjà tí a bá tún ṣe gbọ́dọ̀ ní àkọlé tó sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Iye owó tí ìyá náà san kò yàtọ̀ sí ti tuntun.

Mo fi ìwé ìròyìn yín bẹ àwọn ọlọ́jà fóòmù pé kí wọ́n tẹ́ ẹyọ kan nínú irú kọ̀ọ̀kan sórí bẹ́ẹ̀dì nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, láìsí ọ̀rá, kí oníbàárà lè bọ́ bàtà, kó dùbúlẹ̀ bó ṣe ń sùn nílé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo sì bẹ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kí wọ́n kọ ìwọ̀n kíki rẹ̀ sára fóòmù, ní lẹ́tà tí àgbàlagbà lè rí kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.